Ẹ̀ka Igi Lórí Wáyà Iná: Ayùn Oníbátìrì Ti Dé, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Ṣètò Gígé Rẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìjì ni í kọ́kọ́ rán ṣáájú. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, atẹ́gùn líle a máa ṣí páànù lórí ilé, a máa ya ẹ̀ka igi, ẹ̀ka náà a sì já lu wáyà iná. Ìjì ọ̀hún lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àmọ́ àdúgbò tí ẹ̀ka bá já wáyà rẹ̀ lè sun òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè pé ọ̀sẹ̀ méjì pàápàá. Ẹja inú fìríísà oníṣòwò a bàjẹ́, aránṣọ a padà sídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. Bí wọ́n bá wá béèrè ohun tó fà á, gbogbo ènìyàn a nawọ́ sí igi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ka tó já lu wáyà lóṣù kẹrin ti ń sún mọ́ wáyà náà láti ọdún tó kọjá, ojú gbogbo ará àdúgbò ló sì ṣe.

“Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó.” Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé, nínú ìlú tí igi àti wáyà jọ ń gbé, ta ló yẹ kó máa wo igi náà láti òkèèrè, kí ni yóò sì fi gé e?

Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni irinṣẹ́ kan ti wà lọ́jà tó dà bíi pé ó ti dáhùn apá kejì ìbéèrè yẹn. Ayùn kékeré ni, tí wọ́n gbé sórí ọ̀pá gígùn, bátìrì ló sì ń mú un ṣiṣẹ́. Ṣéènì eléyín mímú ló ń sáré yí ká irin pẹlẹbẹ tí kò sábà gùn ju íǹṣì 8 sí 10 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo tó kílò 4 sí 6 pẹ̀lú bátìrì, ọ̀pá wọn sì ṣeé fà gùn tó mítà 2 ààbọ̀ sí 3, débi pé ẹni tó dúró sílẹ̀ lè gé ẹ̀ka tó wà ní nǹkan bíi mítà 4 sókè láìgun àkàbà.

Fún ìlú tó jẹ́ pé àdá ni wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí ojú ti mọ̀ ni kí ọ̀dọ́kùnrin kan so okùn mọ́ ìbàdí, kí ó gun igi láìwọ bàtà, kí ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka mú, kí ó sì máa fi ọwọ́ kejì ṣá a. Bí ẹ̀ka bá yí, bí agbọ́n bá tú jáde, bí okùn bá já, ilẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí akoto, kò sí owó ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni ṣèlérí. Ayùn orí ọ̀pá mú ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn.

Bátìrì líthíọ̀mù ló jẹ́ kí irinṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ jáde fún títà. Nígbà tó di ọdún 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ ìwádìí tó bí i. Ayùn elépo nílò bẹntiróòlù tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì, ó nílò okùn fífà, ó ń rú èéfín, ariwo rẹ̀ sì ń dí etí ẹni tó ń lò ó kúrò lára ìkìlọ̀ àwọn tó wà nítòsí. Oníbátìrì kò ní ọ̀pọ̀ wàhálà yìí. Ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin tí gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lù lóṣù kẹwàá ọdún 2021 ló ṣínà fún ìlànà tó ní kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré tuntun tí wọ́n fi ń tún ọgbà ṣe má ṣe rú èéfín mọ́ láti ọdún 2024. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe òfin ni yóò mú ènìyàn ronú nípa bátìrì. Owó epo tó fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ti tó láti kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rín nínú: iná tí ẹ̀ka igi já náà ni wọ́n yóò fi gba agbára sínú bátìrì ayùn tó fẹ́ gé e.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá púpọ̀ nínú àwọn ayùn wọ̀nyí, iná mànàmáná sì ń gba inú alumíníọ̀mù kọjá bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Àwọn wáyà 11,000 fóltì àti 33,000 fóltì tó gba òkè òpópónà ìlú kọjá, ìhòòhò ni ọ̀pọ̀ wọn wà, kò sí rọ́bà lára wọn. Iná inú wọn lè fò bá ohun tó sún mọ́ wọn jù kí nǹkan náà tó kàn wọ́n rárá, ẹ̀ka tútù pàápàá sì lè gbé iná dé ara ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ sọ pé ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ nípa wáyà iná kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ara rẹ̀ tàbí ohun tó mú lọ́wọ́ sún mọ́ wáyà tí iná rẹ̀ kò ju 50,000 fóltì lọ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3. Ṣùgbọ́n mítà 3 náà ni ọ̀pá ayùn yìí fi kún ọwọ́ ènìyàn. Irinṣẹ́ tó gba ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ ìṣubú lè tì í sọ́wọ́ iná.

Àwọn kan á ní kò séwu, NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Èrò yìí ti pa ènìyàn rí, ó sì tún lè pa ènìyàn. Àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí iná yóò padà dé. Ariwo ayọ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń pa bí iná bá dé lè bá ẹni tó wà nídìí wáyà lójijì. Èkejì, iná jẹnẹrétọ̀ lè rin ìrìn ẹ̀yìn. Bí aládùúgbò kan bá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láì kọ́kọ́ já ilé rẹ̀ kúrò lára wáyà ìta, iná yẹn lè gba wáyà ìta dé ìdí tiransifọ́mà, tiransifọ́mà yóò sì sọ iná kékeré náà di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì lórí wáyà tí gbogbo ayé rò pé ó ti kú. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná nìkan, tó ti pa iná láti orísun, tó sì ti so wáyà náà mọ́lẹ̀, ló lè sọ pé ibẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn. Ayùn tí onílé rà lọ́jà, ẹ̀ka inú ọgbà tó jìnnà sí wáyà ni ó wà fún.

Nínú ọgbà náà pàápàá, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tó bá nípọn díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ayùn ta á lábẹ́, níbi tó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ara igi, kí ó wọlé dé bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n á wá gé e láti òkè, níwájú díẹ̀ sí ojú àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka lè jábọ́ láìbó èèpo igi lọ sísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gé kùkùté tó kù, ní ìta ibi tó wú díẹ̀ níbi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi. Alex Shigo, onímọ̀ igbó ará Amẹ́ríkà tó kú lọ́dún 2006, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi wò nínú. Ohun tó rí ni pé ojú ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti ènìyàn. Ńṣe ni igi máa ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, ibi tó wú yẹn sì ni agbára odi náà wà. Ẹni tó gé e mọ́ ara igi ti wó odi. Ẹni tó fi kùkùté gígùn sílẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún jíjẹrà. Bí wọ́n bá sì bẹ́ igi lórí pátápátá, bí wọ́n ṣe ń ṣe lábẹ́ wáyà, ẹ̀ka tuntun tó máa ń hù padà a máa yára ga, ìdí rẹ̀ kì í sì í le. Ìjì ọdún kejì ni yóò wá gbé e.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kéré, kó rántí ọdún 2003. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún náà, wáyà ńláńlá mẹ́ta tí iná 345,000 fóltì ń gbà kọjá ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fara kan igi tí wọ́n ti jẹ́ kó ga jù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láàárín wákàtí kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 50 ni kò ní iná mọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba méjèèjì gbé kalẹ̀ ka àìgé igi mọ́ àwọn ohun pàtàkì tó fà á, pẹ̀lú àìmójútó tó yẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà. Kò tíì pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí wáyà kan ní ilẹ̀ Switzerland tún fi bá igi pàdé lóru, tí gbogbo ilẹ̀ Ítálì, yàtọ̀ sí erékùṣù Sardinia, sì bọ́ sínú òkùnkùn. Amẹ́ríkà kò wulẹ̀ ra ayùn púpọ̀ sí i. Òfin ni wọ́n ṣe lọ́dún 2005. Láti inú òfin yẹn ni gígé igi tó sún mọ́ wáyà ńlá ti di dandan fún ilé-iṣẹ́ iná, tí ẹni tó bá kọ̀ yóò sì sanwó ìtanràn.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe igi ló ń dá iná gbogbo orílẹ̀-èdè kú. Ìṣòro tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ní àdúgbò, níbi tí iná tó dé ti ń pàdánù lójú ọ̀nà, ẹ̀ka igi wà lára ọ̀tá tó ṣeé ṣẹ́gun jù lọ. Kí ló wá dé tí wọn kò ṣẹ́gun rẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti ta àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún aládàáni lóṣù kọkànlá ọdún 2013, ẹnu kò kò sórí iṣẹ́ náà ládùúgbò. Ilé-iṣẹ́ iná ló ni wáyà, onílé ló ni igi, ìjọba ló ni ojú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù á dá owó, wọ́n á pe ọmọ aládàá, ilé-iṣẹ́ iná á dé lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba ti ń ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbígbin igi láti ọdún 2008, ó tún yẹ kí onílé gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ LASPARK kó tó gé igi. Òfin yẹn dára, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní ayùn, ìbòòji ìlú yóò tán láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí ènìyàn má gé igi kò tó. Èyí tó sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ gé e, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ gé e, ni ìlú nílò.

Àyè rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Òfin iná mànàmáná tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lọ́dún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára láti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso ọjà iná. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba agbára náà, Èkó pẹ̀lú sì tẹ̀lé wọn. Kì í ṣe owó iná nìkan ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ sí. Ó lè pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ iná rìn yí gbogbo ojú wáyà rẹ̀ ká láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Ó lè ní kí wọ́n kéde ọjọ́ tí wọn yóò pa iná fún iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń gé e, kí wọ́n fún wọn ní ọ̀pá tí iná kò lè gbà kọjá. Ó lè jẹ́ kí ará àdúgbò mọ nọ́ńbà tí wọn yóò pè bí ẹ̀ka bá ń sún mọ́ wáyà, kí wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi dáhùn. Àjọ tó ń gbin igi náà lè yẹra fún gbígbin èyí tó ń ga fíofío sábẹ́ wáyà, kí ó gbin èyí tí kò ga síbẹ̀.

Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ayùn oníbátìrì yóò kàn rọ́pò àdá ni, ikú kan yóò sì rọ́pò òmíràn. Ẹni tó ń ṣubú látorí igi tẹ́lẹ̀ yóò máa kú nílẹ̀ níbi tó dúró sí, pẹ̀lú ọ̀pá alumíníọ̀mù lọ́wọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀ka tó wà lórí wáyà lónìí, kékeré ni òun náà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ayùn tó lè gé e nígbà yẹn kò wọ́n. Ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ ni kò sí.