Epo Pupa Lórí Káńtà: Ẹ Má Dá Màmá Lẹ́bi

Díẹ̀ ló kù kí epo pupa dá ìjà sílẹ̀ nílé mi ní Skyview Ranch níbí.

Ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n ń se ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan, epo dà sórí káńtà gíránáìtì wa. Wọ́n nù ún, ojú ibẹ̀ dúdú síbẹ̀. Mo fajú ro. Màmá ní, "Àna mi, ẹ má bínú o, ọwọ́ ló yọ̀." Ọjọ́ méjì ni ìyàwó mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìtìjú sì bá mi, torí èmi tí mo pe ara mi ní ẹnjiníà, láti ọjọ́ tá a ti kó wọlé, mi ò fi sílà pa òkúta náà rí.

Sílà ni oògùn olómi tí a fi ń pa òkúta kí omi àti epo má tètè wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíì á ní, òkúta náà kẹ̀? Ẹni tó bá ti fi ọlọ lọ ata nílé mọ̀ pé òórùn ata kì í tètè kúrò lára ẹ̀. Gíránáìtì, irú òkúta tí Olúmọ jẹ́, ní ihò tín-ín-tín tí ojú ò lè rí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kán omi sórí káńtà, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ibẹ̀ bá dúdú, ó ń fẹ́ sílà. Bí àwọ̀ ò bá yí, ẹ fowó yín sápò. Bó bá jẹ́ quartz tí wọ́n pò ní ilé iṣẹ́ ni, kò nílò rẹ̀ rárá.

Èyí tó ń wọnú òkúta ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń dúró lókè bíi fáníìṣì, torí ìyẹn á máa bó. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí: òmíràn ń lé omi nìkan, kò lágbára lórí epo. Kí làwa sì ń sè? Ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, àkàrà! Ẹ ka ara agolo, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń lé epo, pé ó sì dára fún ibi oúnjẹ. Nígbà òtútù tí fèrèsé wà ní títì, èyí tí wọ́n fomi pò sàn ju èyí tó ń rùn bíi kẹrosíìnì lọ, nítorí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin onímábù, ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátò àti fínígà máa ń jẹ ojú mábù. Sílà tó ń wọnú òkúta ò lè dá ìyẹn dúró. Pátákó ni kẹ́ ẹ máa gé wọn lé.

Kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ fọ òkúta kó gbẹ dáadáa. Bí àkókò tí wọ́n kọ sára agolo bá pé, ẹ nu ìyókù kúrò kó tó gbẹ mọ́ ọn.

Èmi po baking soda bí ẹ̀kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú epo náà, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kó tó ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

Ẹ pa òkúta yín kí àlejò tó dé. Owó agolo kan ò tó iyì ìyá.