Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkà: Ibi Tí Ọmọ Dé Ni Kí A Ti Bẹ̀rẹ̀

Láti ọdún 2020 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń lo ètò EKOEXCEL ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ń mú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ sì wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àǹfààní èyí kò kéré rárá, nítorí ó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ ìka kò dọ́gba. Bí kíláàsì kan ní Ojota bá ń gba ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ti ọmọ tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín “b” àti “d”? Ẹ̀rọ tí ó ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà yàtọ̀ sí èyí tí ó ń wádìí ibi tí ọmọ dé.

Ní Íńdíà, àjọ Pratham máa ń kọ́kọ́ dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò: ṣé lẹ́tà ni ó lè kà, tàbí ọ̀rọ̀, tàbí ìpínrọ̀, tàbí ìtàn? Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n wà ní ìpele kan náà jọ, láìka kíláàsì wọn sí. Ní Delhi ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò ẹ̀rọ Mindspark, tí ó ń fún ọmọ ní ìbéèrè tí ó bá ìpele rẹ̀ mu. Láàárín oṣù mẹ́rin ààbọ̀, àwọn tí wọ́n láǹfààní láti lò ó tẹ̀síwájú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìṣirò àti èdè Hindi. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé olùkọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀ràn èdè tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí yóò kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn. Bí kò bá sí i, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Ẹ fún ọmọ ní ìpínrọ̀ kúkurú kan kí ó kà á sókè. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà sí lẹ́tà. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n mọ ibẹ̀.