Ẹni Tí Ó Kọ Ebè Ni Kí Ó Wa Iṣu

Àṣà kan wà láàárín wa tí ó yẹ kí a kọ̀ sílẹ̀: ọmọ Áfíríkà ni a ń ní kí ó kọ ebè, bí iṣu bá ta tán, àlejò ni a ń pè wá wà á. Ẹ wo Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà, balógun ikọ̀ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Túnísíà lọ́dún 1994. Nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun ni ó ṣí ọ̀nà Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé fún Tógò nígbà àkọ́kọ́, lọ́dún 2005. Ṣùgbọ́n kí ikọ̀ náà tó dé Jámánì lọ́dún 2006, wọ́n ti fi Otto Pfister, ará Jámánì, rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Tógò pàdánù lábẹ́ Keshi nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì lọ́dún náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n tún pàdánù ní Jámánì lábẹ́ àlejò. Kí wá ni èrè ìpààrọ̀ náà?

Lọ́dún 2013, ní Gúúsù Áfíríkà, Keshi mú Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì, òun ni ẹnìkejì tí ó gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kú lọ́dún 2016, ní ọmọ ọdún 54.

A kò ní kí a lé àlejò. Òṣùwọ̀n kan náà ni a ń bèèrè fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di aláṣẹ lọ́la, ẹ rántí: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.