Ẹ Gba Ìwé Ẹ̀sùn, Ẹ Má Ki Owó Bọ̀ Wọ́n Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yóò ká àwọn kan lára, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀. Ó ti tó àkókò kí a dẹ́kun irú ẹ̀rí kan tí a ń jẹ́ nínú ìjọ.

Ẹ mọ ẹ̀rí náà dáadáa. Arákùnrin kan yóò jáde síwájú, yóò ní láti Ìgèdè lòun ti ń bọ̀, ìwé ọkọ̀ òun ti kú láti oṣù mẹ́ta, àwọn Road Safety sì ti tò sójú ọ̀nà. Wọ́n dá ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ dúró, wọ́n dá èyí tó wà lẹ́yìn dúró, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fọ́ wọn lójú, wọn kò rí tirẹ̀. Gbogbo ìjọ a sì ké Halelúyà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Ọlọ́run ṣe níbẹ̀? Ìwé ọkọ̀ náà ṣì kú. Àwọn tí wọ́n dá dúró níwájú àti lẹ́yìn ńkọ́, ta ló ni wọ́n? Bí táyà ọkọ̀ náà bá sì ti jẹ tán, Road Safety lè máà rí i o, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n yóò rí i.

Irú kejì tún burú ju èyí lọ. Ẹnì kan yóò ní òun rí ojú rere gbà: owó tí wọ́n ní kí òun san pọ̀, ṣùgbọ́n òun fún wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, wọ́n sì ní kí òun máa lọ. Ará mi, ọjà lo rà yẹn, kì í ṣe ojú rere. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní tiwa. A ó yọ káàdì iṣẹ́, a ó ní "Staff ni wá". Àwa pásítọ̀ ẹ̀wẹ̀, a ó lẹ bébà "Clergy" mọ́ gíláàsì iwájú, bí ẹni pé ikú ojú pópó ń ka bébà. Bí káàdì kò bá ṣiṣẹ́, a ó pe ọ̀gá kan lórí fóònù. Awakọ̀ tó gbé ìyá oníṣu láti Ìyìn lọ sí Adó kò ní ọ̀gá kankan tó lè pè. Òun ni wọ́n ń dì mú, òun ló ń sanwó, orí owó ọkọ̀ ìyá oníṣu ló sì ti ń yọ ọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìdí tí wọ́n fi dá Road Safety sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988. Ṣáájú ìgbà náà ló ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nítorí àwọn tó ń kú lójú ọ̀nà ní agbègbè Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ẹ̀mí ni wọ́n ń lé. Àmọ́ a ti sọ ọ́ di eré bojúbojú. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 1989 pẹ̀lú ogún ọdún, ìyẹn 2009, tí wọ́n ní kí ọlọ́kadà máa dé akoto: ní àwọn ìlú kan ní Nàìjíríà, igbá àti agolo ọ̀dà ni àwọn kan dé sórí. Ta ni wọ́n ń tàn? Agbárí ta ni?

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Nínú àkójọ owó ìtanràn tí Road Safety ti ń lò láti ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni ti ẹni tí kò de bẹ́líìtì, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sì ni ti ẹni tó fẹ́ fún òṣìṣẹ́ wọn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Òfin ICPC ti ọdún 2000 náà kò ya ẹni tó fúnni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló kọ fún àwọn méjèèjì. Ó tún ní kí ẹni tí wọ́n bá béèrè àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ fi ẹjọ́ sùn.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní, "Pásítọ̀, ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àwọn ènìyàn ti kú lórí ogún náírà ní orílẹ̀-èdè yìí. Àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 2010. Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, Mohammed Abubakar, ní kí wọ́n kó gbogbo igi tí wọ́n fi dínà kúrò ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n wọ́n tún padà síbẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ẹni tó ti mutí na ìbọn sí ọ, fún un ní ohun tó bá fẹ́, kí o gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ délé. Olè ló jà ọ́, ìwọ kò fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe mú ọ̀rọ̀ ìbọn òru wá bo ti ọ̀sán gangan, níbi tí Road Safety kò ti na ìbọn sí ọ, tí o sì mọ̀ pé o jẹ̀bi.

Kí ni ṣíṣe? Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ. Bí ó bá jẹ́ alẹ́, tan iná inú ọkọ̀. Kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Má bú wọn, má sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Fi láísẹ́ǹsì àti ìwé ọkọ̀ hàn. Bí wọ́n bá ní o ṣẹ̀, béèrè irú ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́, kí o sì ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún ọ. Kà á kí o tó kúrò níbẹ̀. Wo orúkọ tó wà láyà ẹni tó kọ ọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Báńkì ni a ti ń san owó ìtanràn, a kì í ki í bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, rìsíìtì ni o ó sì fi gba ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Nọ́ńbà Road Safety tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 122.

Bí o kò bá jẹ̀bi ńkọ́? Ilé ẹjọ́ wà. Agbẹjọ́rò kan gbé àwọn VIO ti Àbújá lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024: Adájọ́ Evelyn Maha ní kò sí òfin tó fún wọn láṣẹ láti máa dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí láti bu owó ìtanràn léni. Ọ̀rọ̀ Àbújá ni o, ẹ má gbé e kojú àwọn tó wà ní Adó lọ́la. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Fẹ́líìsì ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́ pè é lemọ́lemọ́; ọdún méjì ni Pọ́ọ̀lù fi wà ní àtìmọ́lé, kò sì yọ kọ́bọ̀. Ní Fílípì, nígbà tí wọ́n nà án láìṣẹjọ́, tí wọ́n wá fẹ́ kí ó yọ́ jáde, ó kọ̀, ó ní kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú òun jáde. Àwa kò lè fi wákàtí méjì ṣòfò lójú títì.

Ìmọ̀ràn mi fún ìjọ kọ̀ọ̀kan nìyí. Nínú àwọn awakọ̀ wa, àwọn kan wà tí owó ni kò jẹ́ kí wọ́n tún ìwé ọkọ̀ ṣe, kì í ṣe agídí. Ọkọ̀ yẹn ni oúnjẹ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ aláìní, kí a fi bá wọn tún un ṣe. Nígbà náà, bí arákùnrin wa bá tún fẹ́ jẹ́rìí nípa ojú ọ̀nà, kí ó mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ tuntun dání wá síwájú.