"Ó Dúdú Jù" Kì Í Ṣe Àríwísí: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Wo Fótò Ara Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ya fótò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fúnra wa. Tí ẹnì kan bá ju fótò tuntun sórí WhatsApp, oríṣi èsì méjì ló sábà máa ń wọlé. Àkọ́kọ́ ni àwòrán iná mẹ́ta pẹ̀lú "ọ̀gá ni ẹ́ o!" Èkejì ni "ó dúdú jù, fi fìlítà sí i." Ti àkọ́kọ́ dùn létí, ti èkejì máa ń dunni, ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò sí èyí tó kọ́ ẹni tó ya fótò náà ní nǹkan kan. Ní tèmi o, sáyẹ́ǹsì wà nínú àríwísí fótò. Kí ẹ tó sọ pé fótò kan kò dára, ó yẹ kí ẹ lè sọ ohun tó fà á: ṣé ìmọ́lẹ̀ ni, ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ọwọ́ ẹni tó yà á?

Kámẹ́rà rangefinder ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, ìyẹn kámẹ́rà onífíìmù àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan tún ti ń wá kiri báyìí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Fóònù máa ń tún nǹkan ṣe lẹ́yìn wa láìsọ fún wa. Rangefinder ò mọ ìyẹn. Àṣìṣe yòówù kéèyàn ṣe nídìí rẹ̀, ipa ẹsẹ̀ àṣìṣe náà á hàn lára fótò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, kí ẹ di ojú ọ̀tún, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá di tòsì. Á dà bíi pé àtàǹpàkò náà ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí ẹ bá sún un mọ́ ojú, fífò rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tí ẹ bá nà án jìnnà, á dín kù. Ọgbọ́n yìí gan-an ni rangefinder ń lò. Fèrèsé kékeré méjì ló wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ jìnnà síra. Àwòrán méjì ni wọ́n ń gbé wá síbi tí ẹ ń gbà wòran. Bí ẹ ṣe ń yí lẹ́ńsì, àwòrán kejì á máa rìn. Tí méjèèjì bá ti gun ara wọn tí wọ́n di ọ̀kan, a jẹ́ pé lẹ́ńsì ti mọ bí ẹni tí ẹ fẹ́ yà ṣe jìnnà tó. Ìṣirò onígun mẹ́ta ni, èyí tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì tá a ń bi ara wa pé kí la fẹ́ fi ṣe!

Leica II àti Contax, tí wọ́n jáde ní Jámánì lọ́dún 1932, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so ẹ̀rọ yìí pọ̀ mọ́ lẹ́ńsì. Leica M3 dé lọ́dún 1954. Lẹ́yìn náà ni Japan wá ṣe àwọn tówó wọn rọjú fún mẹ̀kúnnù, bíi Yashica Electro 35 lọ́dún 1966 àti Canonet QL17 G-III lọ́dún 1972.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: fèrèsé tí ẹ ń gbà wòran kọ́ ni lẹ́ńsì tó ń ya fótò. Ojú lẹ́ńsì lè wà ní dídé, kí ẹ má mọ̀. Tí ẹni tí ẹ ń yà bá sún mọ́ yín, fèrèsé tó wà lókè lè fi odindi gèlè hàn yín, kí lẹ́ńsì tó wà nísàlẹ̀ sì gé e. Àwọn kámẹ́rà kan ní ìlà tó máa ń sún láti tún ìyẹn ṣe, àwọn mìíràn ò ní in.

Torí náà, tí ẹ bá rí gèlè tó gé, ẹ má sọ pé "o ò mọ fótò yà." Ẹ bi í pé: "Báwo lo ṣe sún mọ́ wọn tó? Ṣé kámẹ́rà rẹ ní ìlà tó ń sún?" Tí etí bá hàn ketekete àmọ́ tí ojú ṣú bàìbàì, ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì nìyẹn. Tí gbogbo fótò bá fà lọ sápá kan bí ẹni fi ọwọ́ nù ún, ọwọ́ ló gbọ̀n. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm, kí shutter má lọ́ra ju 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ tí ẹ bá fọwọ́ gbé kámẹ́rà. Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni ohun tó wà lẹ́yìn ń hàn ju ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà lọ, ẹ to ìgò márùn-ún lọ sẹ́yìn lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ fi fókọ́ọ̀sì sára èyí tó wà láàárín, kẹ́ ẹ yà á. Tó bá jẹ́ ìgò kẹrin ló hàn jù, fèrèsé méjèèjì ò bá lẹ́ńsì mu mọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ṣé ẹ rí i? Àríwísí kan ṣoṣo tó péye lè gba èèyàn lọ́wọ́ fífi ọ̀pọ̀ fíìmù ṣòfò, fíìmù ò sì dínwó.

Ó wá ku "ó dúdú jù."

Ẹ ronú ọjọ́ Iléyá ní Ìwó. Bàbá kan wọ agbádá funfun báláú, ó dúró síwájú ògiri funfun. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ò mọ bàbá, kò mọ Iléyá. Ohun kan ṣoṣo tó gbà gbọ́ ni pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun, tí wọ́n bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Nígbà tó rí funfun káàkiri, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá dín in kù. Agbádá di eérú, ojú bàbá di èédú. Ẹni tó sọ pé "fi fìlítà sí i" máa bó bàbá láwọ̀ ni, ọmọ wọn gan-an lè má dá wọn mọ̀ mọ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń sọ á ní: "Agbádá ni mítà rẹ wò, kò wo ojú. Fi ìpele ìmọ́lẹ̀ kan kún un." Lórí Electro 35, tó ń yan shutter fúnra rẹ̀, tí fíìmù bá jẹ́ ASA 400, ẹ yí nọ́ńbà sí 200, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ìdàkejì náà wà o: tí ojú ẹni dúdú bá kún inú fótò, mítà á fẹ́ sọ òun náà di eérú, awọ ara á sì ṣì. Níbẹ̀, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley ni àwọn ilé ìfọ̀fótò lókè òkun fi ń díwọ̀n àwọ̀, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tí ẹjọ́ wọn mú kí Kodak tún bí fíìmù ṣe ń gba àwọ̀ dúdú ṣe. Ẹ gbọ́ ná, nítorí ṣokoléètì! Tí àwa náà bá wá ń sọ fún ara wa pé ká máa fi fìlítà bó àwọn èèyàn wa, à ń bá wọn gbé àṣìṣe àtijọ́ kiri ni.

Àwọn kan á ní àríwísí fótò kì í ṣe àṣà wa. Ó tì o. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń bi àwọn èèyàn ilẹ̀ Yorùbá léèrè ohun tó ń mú kí ère dára. Wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ tó já gaara: jíjọra, ìfarahàn, dídán, ọ̀dọ́. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí àwọn onífótò ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún, níbí ní Ọ̀ṣun. Ó rí i pé irú òdiwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò fún fótò: kí ẹni náà jókòó dáadáa, kó kọjú sí kámẹ́rà, kí ojú rẹ̀ méjèèjì hàn. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì ti lọ, wọ́n máa ń tẹ fótò ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ìbejì lè pé. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ṣe irú èyí mọ ohun tí fótò wà fún? Ọ̀rọ̀ wa ti wà nílẹ̀. Dípò "ó dúdú jù," ẹ béèrè pé: ṣé ó jọ ọ́? Ṣé ojú fara hàn?

Mo mọ̀ pé àwọn míì á ní, "Tí oníbàárà bá ti sanwó, kí ló kan ẹlòmíràn?" Àwọn míì á ní ọmọdé ò lè tọ́ka àléébù sí iṣẹ́ ọ̀gá. Òótọ́ ni pé owó ṣe pàtàkì, ọ̀wọ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n oníbàárà ò mọ̀ pé agbádá òun lè funfun kí ojú òun sì hàn, àyàfi tí ẹnì kan bá ṣe é fún un rí. Ní ti ọ̀gá, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, TY Bello àti Amaize Ojeikere dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀ lọ́dún 2001, ara iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n máa tú iṣẹ́ ara wọn palẹ̀. Gbogbo wọn ló di ẹni tí ayé mọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ò lè sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ojú kejì ṣe pàtàkì.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wo fótò yín, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, nítorí WhatsApp máa ń fún fótò lásán pọ̀, ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò á sì sọnù. Ẹ kọ irú fíìmù, shutter àti bí ẹni náà ṣe jìnnà tó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú fótò. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó sọ ohun kan tó dára àti ìdí rẹ̀, kó wá sọ ohun kan tó kù àti bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Tí ẹ ò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ béèrè. Ìbéèrè náà á wúlò ju iná mẹ́ta lọ.