Ọmọ Kì Í Jẹun Lẹ́ẹ̀kan Lọ́dún

Nígbà tí ọdún bá ń lọ sí òpin, a máa ń rí i ní Ìfọ̀ àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká pé àwọn ẹgbẹ́ a di àpò ìrẹsì àti páálí bísíkíìtì sínú ọkọ̀, wọn a kọrí sí ilé tí a gbé ń tọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara. Wọn a to àwọn ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà sílé. Inú rere ni, àwa kò sì ní bú ẹni tí ó fúnni. Ṣùgbọ́n a bèèrè pé: ta ni yóò bọ́ wọn ní oṣù tí ó tẹ̀lé e?

Àwọn baba wa ka abuké, arọ àti àfín sí ẹni òrìṣà. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n, nítorí náà èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò bọ òrìṣà pàápàá yóò gbà pé ọgbọ́n wà nínú èèwọ̀ náà.

Àwòkọ́ṣe kò sì wọ́n wa. Ní 1948, Leonard Cheshire, ará Ìlú Ọba tí ó ti jẹ́ awakọ̀ òfuurufú nínú ogun, gba ọkùnrin kan tí àìsàn ń pa lọ sínú ilé ara rẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé, títí dé Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn kan náà ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní 1960. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá ilé ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ afọ́jú. Oúnjẹ ọjọ́ kan kọ́ ni àwọn wọ̀nyí fúnni. Òrùlé, ẹ̀kọ́ àti ìdúróṣinṣin ni.

Òfin tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019 fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama. Òfin yìí kan náà ni ó ka fífi aláàbọ̀ ara tọrọ owó ní gbangba léèwọ̀. Kí ẹni tí ń to ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìrẹsì fún àwòrán ro ara rẹ̀ wò.

Ohun tí àwọn ilé wọ̀nyí ṣe aláìní jùlọ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yà ní àwòrán: owó oṣù àwọn tí ń wẹ ọmọ tí wọ́n sì ń gbé e, ọ̀pá ìrìn, kẹ̀kẹ́ arọ, owó oògùn. Nítorí náà, a dá a ní ìmọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ilé kan, kí ó máa dá owó fún un ní oṣooṣù, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí ó sì máa bèèrè ìṣirò rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ìjòyè wa, iṣẹ́ tiyín ni láti pe àwọn ìdílé tí wọ́n fi ọmọ síbẹ̀ tí wọn kò yọjú mọ́, kí ọmọ tí ó ní ìyá àti baba má di aláìlẹ́nìkan.

Ó pẹ́ tí Ìfọ̀ ti di oríta ọkọ̀ ojú irin, ọ̀pọ̀ nǹkan sì ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ẹ má jẹ́ kí àánú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.