Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ínfátà àti Ẹ̀rọ Ìdáná

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ ní ọkàn mi tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ti ilé ìdáná àti iná mànàmáná lọ, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Indiana. Nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà ni ìlú Elkhart wà, agbègbè tí wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀-ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rin ìrìn-àjò káàkiri. Ọkọ̀-ilé kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú sítóòfù gáàsì àti fíríìjì. Bí àwọn tí ó ni ín bá dé ibùdó, wọn a ki púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ bọ iná ibùdó, tí ó jẹ́ 120 fóòtì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sùn sí ibi tí iná kò sí, bátìrì 12 fóòtì ni ìrètí wọn, ínfátà ni ó sì ń sọ iná bátìrì náà di irú èyí tí ẹ̀rọ inú ilé ń lò.

Bàbá àgbàlagbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ni onílé mi nígbà náà. Ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ínfátà 1,000 wáàtì ni ó bá ọkọ̀ náà wá. Tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni wọ́n ń fi í lò, kò sì sí wàhálà kankan. Nígbà tí ó yá, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kí máíkírówéfù máa ṣiṣẹ́ nínú igbó pẹ̀lú. Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Oníṣọ́ọ̀bù kò bi í ní ìbéèrè kankan nípa bátìrì tàbí wáyà. Ó ta ínfátà 3,000 wáàtì fún un, ó sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó bá a so ó. Ọmọ iṣẹ́ yìí yọ ti àtijọ́, ó so tuntun mọ́ wáyà àtijọ́ àti bátìrì méjì àtijọ́. Nígbà tí fíùsì já lójú rẹ̀, ó fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Mo wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá gbé abọ́ ọbẹ̀ sínú máíkírówéfù, ó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ínfátà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí ó sì kú. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kú. Ní ìgbà kẹta ni òórùn rọ́bà gbígbóná gba inú ọkọ̀. Nígbà tí a ṣí abẹ́ ibùsùn tí wáyà gbà kọjá, a kò lè fi ọwọ́ kàn án. Níbi tí wọ́n ti de orí rẹ̀ mọ́ ínfátà, èèpo rẹ̀ ti ń rọ̀. Orí wáyà yìí ni àwọn arúgbó méjì ì bá sùn lé ní òru ọjọ́ náà.

Ìṣirò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò le. Bí a bá fi fóòtì pín wáàtì, áńpù ni a ó rí, èyíinì ni ìwọ̀n bí iná ti ń ṣàn tó nínú wáyà. Máíkírówéfù tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára, agbára tí ó ń fún oúnjẹ ni wọ́n kọ. Èyí tí ó ń fà láti ẹnu púlọ́ọ̀gì lè tó 1,500. Lára iná ibùdó, áńpù 12 àti ààbọ̀ péré ni èyí. Ṣùgbọ́n lára bátìrì 12 fóòtì, 125 ni. Bí a bá sì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò mọ́ ọn, ó súnmọ́ 140. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò gbà ju áńpù 10 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìlọ́po mẹ́rìnlá ni ooru wáyà náà fi pọ̀ sí i. Bí iná tí ń ṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́rìnlá, ooru a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 200.

Fíùsì ni ọdẹ tí ń ṣọ́ wáyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òun já kí wáyà má baà jóná. Ẹni tí ó bá fi fíùsì ńlá sí ojú wáyà kékeré nítorí pé kékeré ń já, ọdẹ ni ó lé lọ nítorí pé ó ń pariwo olè. Mo ka ìwà yìí sí ìwà ọ̀daràn, bí òfin kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni èrò kan tí ó gbilẹ̀ lọ́hùn-ún àti níhìn-ín, pé bí ínfátà bá ti tóbi, iná ti pọ̀ nìyẹn. Ínfátà kì í dá iná. Ohun tí bátìrì bá ní ni ó ń tú jáde. Ẹni tí ó fẹ ẹnu kèrègbè kò tíì fi ẹ̀kán omi kan kún inú rẹ̀. Bátìrì olómi-asíìdì tí a kọ 12 fóòtì, 100 áńpù-wákàtí sí lára ní nǹkan bí 1,200 wáàtì-wákàtí nínú, ìdajì rẹ̀ sì ni ó yẹ kí a lò bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Láti se omi lítà kan ṣoṣo kí ó hó, nǹkan bí 100 ni yóò lọ níbẹ̀. Kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ṣírò iye ìgbà tí yóò mu tíì.

Nígbà tí Bàbá wáá tún un ṣe bí ó ti yẹ, ó dá 3,000 náà padà, ó gba 2,000 tí iná rẹ̀ ń jáde geere bí ti ibùdó, nítorí irú èyí tí ó pọ́ọ́kú a máa mú kí máíkírówéfù kùn bí oyin, kò sì ní se oúnjẹ dáadáa. Ó ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì, 100 áńpù-wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tú áńpù 100 jáde lẹ́ẹ̀kan. Ínfátà 2,000 kì í fà ju nǹkan bí 185 lọ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. Bátìrì méjèèjì ní 200. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wáyà tí ó nípọn tó 70 mm² ni ó fi so wọ́n, kò jẹ́ kí ó gùn, ó sì fi fíùsì 250 sí ìdí bátìrì gan-an. Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń gba iná sí bátìrì pẹ̀lú. (Bátìrì lítíọ́ọ̀mù yìí kò fẹ́ kí a gba iná sí òun nígbà tí òtútù bá mú omi dì, ní Indiana, ìṣòro ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n oòrùn tiwa ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.)

Omi tíì ńkọ́? Orí gáàsì ni Ìyá gbé e padà sí, inú mi sì dùn sí i. Àwọn kan ń sọ lóde òní pé ó di dandan kí gbogbo ohun ìdáná di ti mànàmáná. N kò fara mọ́ èyí fún ẹni tí bátìrì ni ó gbójú lé. Agbára tí ó wà nínú sílíńdà gáàsì kílò mẹ́sàn-án ju 100 kílówáàtì-wákàtí lọ. Bátìrì méjèèjì tí mo sọ kò ju 2 àti ààbọ̀ lọ. Bí ìdajì ooru gáàsì tilẹ̀ bá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ, èyí tí ó kù ṣì jẹ́ ìlọ́po ogún. Kìkì pé kí a ṣí fèrèsé, nítorí èéfín olóró kan wà tí kò ní òórùn, tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

Mo ti padà sí Nàìjíríà, mo sì rí i pé ìtàn kan náà ni. Ní ọdún 2024, iná ìjọba dákú jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò sì ń tu owó jọ láti ra ínfátà. Tiwa dára ju ti ọkọ̀-ilé lọ ní ọ̀nà kan: ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń so bátìrì pọ̀ di 24 tàbí 48 fóòtì, áńpù a sì dínkù. Ṣùgbọ́n oníṣòwò yóò sọ pé 3.5 kVA ni, kò ní sọ pé lára ọ̀pọ̀ wọn kò ju 2,800 wáàtì lọ. Onílé yóò ki kẹ́tùlù 2,000 wáàtì bọ̀ ọ́ nígbà tí fíríìjì ń ta gìrì láti gbéra, gbogbo ilé yóò sì ṣókùnkùn.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọmọ onílé náà ti ṣe ìṣirò yìí ní kíláàsì, ó sì ti gba máàkì níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ yín lọ sí ilé kí wọ́n wo ẹ̀yìn blẹ́ńdà, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, kí wọ́n kọ iye wáàtì wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi fóòtì bátìrì ilé wọn pín in. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wo iye tí a kọ sí ara fíùsì tí ó wà ní ìdí bátìrì. Bí kò bá sí fíùsì níbẹ̀ rárá, kí ọmọ náà sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.